Bí A Ṣe Ń Ka Àtẹ Iye Ìpín Onílé Ilé-Ìwòsàn

Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń fi fóònù ra ìpín ìdókòwò ilẹ̀ Amẹ́ríkà pọ̀ ní Ìbàdàn báyìí, láti Bódìjà títí dé Mọ́kọ́lá. Ọ̀kan lára èyí tí wọ́n máa ń bi mí léèrè ni Medical Properties Trust, nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀, èrè tó ń pín sì wọ̀ wọ́n lójú. Ilé-iṣẹ́ yìí ń ra ilé tí ilé-ìwòsàn wà nínú rẹ̀, ó ń gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀, ó sì ń pín èyí tó pọ̀ jù nínú èrè rẹ̀ fún àwọn tó ní ìpín.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ìpín kan ju dọ́là 20 lọ. Nígbà tí ọdún 2023 fi máa parí, kò tó dọ́là 5 mọ́. Ìlà ìpíndọ́gba ọjọ́ 200, ìyẹn ìlà tó ń fi ìpíndọ́gba iye ìpín fún igba ọjọ́ ọjà tó kọjá hàn, ń rọ̀ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àkókò yẹn. Bí RSI, òṣùwọ̀n láti 0 dé 100 tó ń fi bí iye ṣe ń yára gòkè tàbí já hàn, bá ti bọ́ sábẹ́ 30, àwọn kan á gbà pé wọ́n ti ta ìpín náà tó, wọ́n á sáré rà á. Ní tèmi, àmì yẹn kò tó ìdí láti ra ohunkóhun tó wà lábẹ́ ìlà tó ń rọ̀, nítorí pé ohun tó ń sọ kò ju pé títà ti yára jù. Kò sọ pé ìdí tí wọ́n fi ń tà á ti tán.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn di ẹ̀bi náà ru èlé tí Federal Reserve, báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sókè ní Oṣù Kẹta 2022. Òótọ́ ni pé èlé gíga máa ń ni gbogbo onílé tó ń yáwó lára. Ṣùgbọ́n ẹ gbé àtẹ Welltower, tó ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, lé e lórí: èlé kan náà ló bá àwọn méjèèjì, síbẹ̀ ti Welltower gòkè ní ọdún 2023 nígbà tí ti èkejì ń já. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Ìpínyà báyìí ló ń sọ fún wa pé ká lọ yẹ àwọn ayálégbé wò.

Steward Health Care, ayálégbé Medical Properties Trust tó tóbi jù lọ nígbà náà, kò rí owó ilé san tán mọ́. Ní Oṣù Kẹjọ 2023, Medical Properties Trust dín èrè ìpín kù láti sẹ́ńtì 29 sí 15. Nígbà tí ìròyìn gbèsè Steward jáde ní Oṣù Kìíní 2024, iye ìpín já ju ìdá mẹ́rin kan lọ ní ọjọ́ kan, àlàfo ńlá sì hàn lórí àtẹ. Ní Oṣù Kárùn-ún ọdún náà, Steward lọ sí ilé-ẹjọ́ pé òun ti wọko gbèsè.

Kí ẹ tó fa ìlà kankan, ẹ wò ó bóyá àtẹ yín ti ṣírò èrè ìpín mọ́ iye àtijọ́. Irú àtẹ bẹ́ẹ̀ máa ń kà á bíi pé gbogbo èrè náà ló wọlé, bẹ́ẹ̀ Amẹ́ríkà a máa yọ owó-orí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú tiwa ní Nàìjíríà kí ó tó dé ọwọ́ wa.