Òpó Lárúbáwá tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń tọ́jú ìyá àgbà kan ní Palermo, ní erékùṣù Sicily. Nonna ni mo ń pè wọ́n. "Figghia mia", ọmọ mi, ni wọ́n ń pè mí. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, èmi ni mò ń ti àga oníkẹ̀kẹ́ wọn lọ sí kàtídírà. Ọmọ wọn obìnrin á gbà wọ́n lọ́wọ́ mi, wọ́n á wọlé. Mùsùlùmí ni mí, ọmọ Ìwó, nítorí náà èmi á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta títí ìsìn á fi parí.

Ibẹ̀ ni mo ti rí òpó náà, lápá òsì. Wọ́n gbẹ́ Lárúbáwá sí i lára. Orúkọ Ọlọ́run ni ojú mi kọ́kọ́ bá. Ọwọ́ ìkọ̀wé àtijọ́ ni, kò jọ èyí tí Àáfà fi kọ́ wa lórí wàláà, ó sì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé Súrà Al-A'raf, āyà 54 ni: Olúwa tó dá sánmọ̀ àti ilẹ̀, tó ń fi òru bo ọ̀sán, tí oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀ ń tẹ̀lé àṣẹ Rẹ̀. Mo kà á sókè. Omijé bọ́ lójú mi.

"Ṣọ́ọ̀ṣì nibí tẹ́lẹ̀," Nonna ló ṣàlàyé fún mi, "ó di mọ́ṣáláṣí, ó tún padà di ṣọ́ọ̀ṣì."

Ara mi kò balẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà, àfi kí n mọ ìtàn ìlú yìí. Àwọn ará Foníṣíà, oníṣòwò orí òkun láti apá Lẹ́bánónì, ló tẹ̀ ẹ́ dó. Àwọn Gíríìkì sọ ọ́ ní Panormos, ìlú tó jẹ́ kìkì èbúté. Róòmù gbà á ní ọdún 254 ṣáájú ìbí Jésù. Ní 831, àwọn ọmọ ogun Mùsùlùmí tó ti apá Tùníṣíà wá gbà á lọ́wọ́ ìjọba Byzantium, ìyẹn Róòmù ti ìlà oòrùn. Nígbà tí arìnrìn-àjò Ibn Hawqal dé síbí ní 973, ó ní mọ́ṣáláṣí ìlú lé ní 300, ó sì bínú pé àlùbọ́sà tútù tí àwọn ènìyàn ń jẹ ní gbogbo ìgbà ti ba ọpọlọ wọn jẹ́. Àlùbọ́sà! Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá yẹn náà ni Haúsá gbé wá fún wa. Bàbá Nonna dá oko ọsàn. Gebbia ni wọ́n ń pe adágún kékeré tí wọ́n mọ láti gba omi síbẹ̀, zagara sì ni òdòdó ọsàn. Láti inú Lárúbáwá ni méjèèjì ti wá. Nonna kò mọ̀. Èmi ni mo sọ fún wọn.

Àwọn Norman, Kristẹni tó wá láti àríwá Faransé, ṣẹ́gun ní 1072. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé wọn kò pa ohun tí wọ́n bá run. Aṣọ ìgúnwà pupa tí wọ́n ṣe fún ọba Roger Kejì, Kristẹni pọ́ńbélé, Lárúbáwá ni wọ́n fi wúrà kọ sí etí rẹ̀ yí ká, ọdún 528 Hijra ni wọ́n sì kọ sí i. Vienna ló wà lónìí. Ní Kérésìmesì 1184, arìnrìn-àjò Mùsùlùmí mìíràn, Ibn Jubayr, rí àwọn obìnrin Kristẹni ìlú yìí nínú aṣọ síliki, wọ́n bo orí, wọ́n lé lààlì, bí obìnrin Mùsùlùmí gẹ́lẹ́.

Ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ Roger yìí, Frederick Kejì, ló kó àwọn Mùsùlùmí Sicily lọ sí Lucera, ní gúúsù Ítálì. Ó ń dùn mí. Wọ́n kó àwọn tó lè ka òpó yẹn lọ, òpó náà dúró. Ní 1492, ọba Sípéènì, tó ń ṣàkóso Sicily nígbà náà, pàṣẹ pé kí àwọn Júù náà jáde. Lónìí, ní àdúgbò tí wọ́n gbé, èdè Ítálì, Hébérù àti Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ orúkọ òpópónà.

Ọ̀rọ̀ àwọn Faransé tó jọba lé ìlú yìí lórí nígbà kan ni Nonna máa ń sọ bí ẹni pé ojú wọn ló ṣe. Ọjọ́ Ajé lẹ́yìn Àjíǹde, 1282, ìlú dìde sí wọn. Wọ́n ní ẹni tí kò bá ti lè pe "ciciri" dáadáa, Faransé ni, wọ́n á pa á. Ẹ̀wà roboto kan ni. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ni wọ́n fi ń din panelle, tí wọ́n ń fi sáàárín búrẹ́dì bí àkàrà. Nonna ní kí n pè é. "Ṣíṣírì" ló jáde lẹ́nu mi. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Màá kọ́ ọ." Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ń din panelle, a ó máa pè é pọ̀.

Aragón dé, Sípéènì dé, Savoy ní 1713, Ọ́stríà ní 1720, Bourbon lẹ́yìn wọn, kí Garibaldi, ọ̀gágun tó jà kí Ítálì lè di ọ̀kan, tó wọ̀lú ní oṣù Karùn-ún 1860.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a fẹ́ lọ sí ààfin Zisa. Òkúta kan wà níbẹ̀, ti ọdún 1149, tí àlùfáà kan fi ṣe ìrántí ìyá rẹ̀, Anna: Látìnì, Gíríìkì, Lárúbáwá, àti Lárúbáwá tí wọ́n fi álífábẹ́ẹ̀tì Hébérù kọ. Nonna ní àwọn á ka ti Látìnì, kí èmi ka tèmi.