Onísímù Nínú Ilé Wa

Òmù-Àrán, alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Nígbà tí àwọn àgbà ilé wa jókòó láàárọ̀ yìí lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọmọ àbúrò mi, bàbá kan rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí a ṣe ìwádìí dáadáa, nítorí pé ẹrú tí a kó wá láyé ogun ni bàbá ńlá àwọn ará ilé ìyàwó. Ẹnikẹ́ni kò fèsì. Àbúrò mi ń lọ́ ìṣẹ́tí ìborùn rẹ̀ mọ́ ìka títí fọ́nrán òwú kan fi já. Èmi náà dákẹ́, ó sì ń dùn mí títí di ìsinsìnyí, nítorí èmi ni n óò kọ́ kíláàsì àwọn àgbà lọ́la, ìwé Fílémónì sì ni ẹ̀kọ́ wa.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kà á lálẹ́ yìí. Ẹsẹ 25 péré ni. Pọ́ọ̀lù dá ẹrú kan, Onísímù, padà sọ́dọ̀ Fílémónì ọ̀gá rẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí ó gbà á bí arákùnrin, kì í ṣe bí ẹrú mọ́, síbẹ̀ kò pàṣẹ pé kí gbogbo ẹni tí ó ní ẹrú dá wọn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó wù mí pé kí ó ti pa àṣẹ yẹn. Ẹ́kísódù 21, ẹsẹ 16, ní kí a pa ẹni tí ó bá jí ènìyàn tà. Ẹsẹ 21 nínú orí kan náà pe ẹrú ní owó olúwa rẹ̀. N kò ní fo ẹsẹ yẹn fún kíláàsì mi. Àwọn tí wọ́n tẹ Bíbélì kan ní London ní 1807 fún àwọn ẹrú Ìwọ̀-Oòrùn Íńdíìsì ni wọ́n fo ẹsẹ: wọ́n yọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú Ẹ́kísódù, wọ́n yọ ibi tí ìwé Gálátíà ti ní kò sí ẹrú tàbí òmìnira nínú Kristi, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ kan ibi tí a ti ní kí ẹrú gbọ́ ti ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n mọ ibi tí Ìwé Mímọ́ ń lọ.

Bíbélì Yorùbá tí bàbá yẹn ń gbé lọ sí ìsìn ńkọ́? Ẹni tí a ti tà rí ni ó ṣe aṣáájú ìtumọ̀ rẹ̀: Àjàyí Crowther, tí ogun kó ní Òṣógùn ní 1821, tí a tà láti ọwọ́ dé ọwọ́, kí ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ ní 1822. Ta ni nínú ilé wa yóò kọ̀ láti fẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀?

Mo ti pe àbúrò mi. Mo sọ fún un pé n óò lọ bá bàbá lẹ́yìn ìsìn lọ́la, pé n óò kúnlẹ̀ kí n tó la ẹnu, ṣùgbọ́n n óò sọ ọ́.