Ẹ Má Ṣe Yọ Gọ́tà Kúrò: Ọ̀rọ̀ Mi sí Ẹ̀yin Tó Ń Kọ Ìṣúná Títì

Ọ̀kun o, ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ wà ní ẹ̀ka iṣẹ́ òde àti ẹ̀ka ìṣúná ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa, láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú yín ṣì máa ń fi ìwé iṣẹ́ hàn mí kí wọ́n tó gbé e síwájú ọ̀gá, mo sì mọ rírì ọ̀wọ̀ náà. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé nínú àwọn ìwé tí mo rí láìpẹ́ yìí, wọ́n tún ti yọ gọ́tà kúrò nínú iṣẹ́ títì kí iye kìlómítà lè pọ̀ sí i, wọ́n sì kọ owó iná adarí ọkọ̀ sí i láìfi kọ́bọ̀ kan sílẹ̀ fún ìtọ́jú rẹ̀. Mo mọ ibi tí irú ìṣúná bẹ́ẹ̀ ń já sí, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ẹ̀kọ́ kìíní kò gba àlàyé púpọ̀: ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ni títì kí ẹ tó kọ owó sí i. Ti ìjọba àpapọ̀ ni òpópónà tó ti Kàbà gba Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ lọ sí Ìlọrin. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó ti Lọ́kọ́ja gba Ọbájáná wá sí Kàbà, tí iléeṣẹ́ Dangote fi kọnkéré ṣe apá Ọbájáná sí Kàbà rẹ̀ lábẹ́ ètò tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọdún 2019, pé kí iléeṣẹ́ tó bá ṣe títì máa yọ owó rẹ̀ padà nínú owó orí tó yẹ kó san. Àwọn títì àdúgbò inú ìlú ni tiwa. Àtẹ kẹrin nínú ìwé òfin ọdún 1999 kó títì, iná òpópónà àti gọ́tà sínú gbólóhùn kan ṣoṣo nígbà tó ń ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú sí i pé òfin kò pín wọn níyà.

Ẹ̀kọ́ kejì jẹ́ ti owó. Ìdá 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò orílẹ̀-èdè ni gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774 jọ ń pín, àpò àpapọ̀ tí ìpínlẹ̀ ń mójú tó ni owó náà sì ń gbà kọjá láti ọdún pípẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́kọ́ yọ owó oṣù olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Inú yín dùn nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Inú tèmi náà dùn. Ṣùgbọ́n owó tó dé ọwọ́ wa tààrà kò lè gbẹ́ gọ́tà tí àwa fúnra wa ti fi bírò fagi lé.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni kí n fi ìtàn sọ. Títì kan wà nínú ìlú kan lẹ́kùn wa, ó sọ̀ kalẹ̀ láti ẹsẹ̀ òkè wá sí ojú ọjà, ó sì parí sí oríta ńlá. Nínú BOQ àkọ́kọ́ (ìwé tó to iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti iye owó rẹ̀) tí ẹ̀ka iṣẹ́ òde wa kọ, gọ́tà wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ojú-omi sì wà lábẹ́ títì níbi tó rẹlẹ̀ jù. Nígbà tí owó kò tó, wọ́n pe ìpàdé, ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì sọ pé gọ́tà kì í hàn nínú fọ́tò, pé kí a yọ ọ́, kí a fi lára owó rẹ̀ ra iná adarí ọkọ̀ tó ń lo sólà fún oríta, torí gbogbo àlejò ni yóò rí i. Mo kọ mémò. Mo ní kí a gé gígùn títì náà sí ìdajì, kí a ṣe ìdajì yẹn tán pẹ̀lú gọ́tà rẹ̀, kí a sì fi ìyókù sínú ìṣúná ọdún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní mo fẹ́ ba ayẹyẹ jẹ́.

Wọ́n da ọ̀dà sí i nínú ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n lu dùndún, wọ́n sì ṣí i. Òjò àkọ́rọ̀ dé, omi òkè sì gba orí títì kọjá nítorí pé kò sí ọ̀nà mìíràn fún un. Ó jẹ etí ọ̀dà, ó ráyè wọlé sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ yangí: bó bá gbẹ, ó le bí òkúta, bó bá sì mumi yó, kò lè gbé ọkọ̀ akẹ́rù kankan mọ́. Nígbà tí òjò ọdún kejì fi parí, apá ìsàlẹ̀ títì náà ti di kòtò, omi sì ti ń wọlé àwọn ará ìsàlẹ̀ tí omi kì í wọlé wọn rí kí títì tó dé. Ìyá kan tó ń ta gààrí níbẹ̀ pàdánù gbogbo àpò tó wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Ó wá sí ọ́fíìsì wa, ó bi mí pé kí ni òun ṣe fún ìjọba. Mi ò rí èsì fún un.

Ibi tó yẹ kí ẹ ti lo ọpọlọ yín dáadáa nìyí. A pe agbaṣẹ́ṣe pé kó wá tún un ṣe, torí pé àdéhùn sọ pé òun ni yóò máa tún àbùkù iṣẹ́ ṣe fún ọdún kan, a sì gbọ́dọ̀ dá ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ dúró títí ọdún náà yóò fi pé. Wọ́n ti san án tán fún un kí òjò tó dé. Ṣùgbọ́n bí owó náà tilẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, ọkùnrin náà ṣí BOQ, ó ní kí a fi gọ́tà hàn òun nínú rẹ̀. Kò sí gọ́tà níbẹ̀. Òótọ́ ló sọ: ohun tí a fún un ló ṣe, bí a sì ṣe ní kó ṣe é náà ló ṣe é. Ọjọ́ tí a yọ gọ́tà kúrò nínú ìwé ni a ti yọ ẹ̀tọ́ wa láti bi í ní ohunkóhun, gbogbo gbèsè ìbàjẹ́ náà sì padà sọ́rùn àwọn ará ìlú.

Iná oríta ńkọ́? Bátìrì sólà kì í pẹ́ púpọ̀ nínú oòrùn ilẹ̀ wa. Nígbà tó kú, iná apá kan ń tàn, ti apá kejì ṣókùnkùn, àwọn ọlọ́kadà sì ń sáré wọ oríta láti ìhà méjèèjì, ìyẹn sì léwu ju kí iná má sí rárá lọ. Kò sí ìlà kankan nínú owó ìnáwó ojoojúmọ́ tí a lè fi ra bátìrì, torí pé owó iṣẹ́ àkànṣe, èyí tí a ń ná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ni wọ́n fi ra iná náà, owó iṣẹ́ àkànṣe sì ti tán.

Ẹ̀ka iṣẹ́ òde ni wọ́n fún ní kúẹ́rì, pé kí a wá ṣàlàyé ohun tó ba títì náà jẹ́. Nígbà tí mo ní kí wọ́n wo mémò mi nínú fáìlì, ojú-ewé náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀dà tí òǹtẹ̀ ìgbàwé wà lórí rẹ̀, tí mo fi pamọ́ sílé, ló gbà mí. Mo ti dárí ji púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n èyí tó yọ ojú-ewé yẹn, mi ò tíì lè dárí jì í.

Nítorí náà, bí owó kò bá tó, gígùn títì ni kí ẹ gé. Ẹ kọ gọ́tà ṣáájú ọ̀dà nínú BOQ, kí ẹ sì rí i pé a gbẹ́ ẹ ṣáájú ọ̀dà. Ibikíbi tí ẹ bá ti kọ iná adarí ọkọ̀ sí, ẹ kọ bátìrì àti owó ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ sínú ìnáwó ojoojúmọ́ ọdún kan náà, ẹ má sì fọwọ́ sí i bí wọ́n bá ní ẹ fi í sílẹ̀ di ẹ̀yìn ọ̀la. Ẹ gba òǹtẹ̀ sórí gbogbo mémò yín, kí ẹ fi ẹ̀dà kan sílé. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí n bá òun wo ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, kó mú un wá kí ó tó dé iwájú àwọn káńsẹ́lọ̀, kó sì mú BOQ dání, torí pé àpapọ̀ owó nìkan kì í fi ohun tí wọ́n ti yọ kúrò hàn.