Ọ̀fọ̀ Tí A Ṣe fún Chris Squire

Ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 2015 ni Chris Squire, tó ń ta jìtá béèsì fún ẹgbẹ́ olórin Yes ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dágbére fáyé ní ìlú Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹni ọdún 67 ni. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló pa á, kò sì tíì pé oṣù méjì tí wọ́n kéde fún aráyé pé ara rẹ̀ kò yá tí ìròyìn ikú rẹ̀ fi tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ tí àwa olólùfẹ́ orin rẹ̀ ṣe ni mo fẹ́ sọ lónìí, nítorí pé láti Kàbà níhìn-ín, ní ìpínlẹ̀ Kogi, ni èmi ti bá wọn ṣe é, mo sì gbà tọkàntọkàn pé ọ̀fọ̀ náà tọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wa kò fojú kan ọkùnrin náà rí.

Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Kékeré, ni orin Yes tọwọ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi. Èkó ló ti ṣiṣẹ́ ní àwọn ọdún 1970, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, tó padà wálé, àpótí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù kan wà lára ẹrù rẹ̀ tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé. Mo ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa nígbà náà, ohùn béèsì ni mo sì ń kọ, ìyẹn ló fà á tó fi pè mí jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí iná wà. Ó fi aṣọ fẹ́lẹ́ nu ojú àwo náà yípo, ó fẹ́ atẹ́gùn sí abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó sì gbé e lé e jẹ́jẹ́. Orin tó wà ní apá yẹn gùn ju ìṣẹ́jú 18 lọ, òun nìkan ló sì gba ojú àwo náà láti etí dé àárín. Àwo Close to the Edge ni, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1972. Nígbà tí mo ń wá ẹni tó ń kọrin, Bàbá Kékeré gbé ọwọ́ sókè, ó ní, “Fi ẹni tó ń kọrin sílẹ̀ ná. Ìsàlẹ̀ ni kí o wá.”

Ìsàlẹ̀ yẹn ni Chris Squire wà. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin tí a ń gbọ́, iṣẹ́ jìtá béèsì kò ju kó tẹ̀ lé ìlù, kó sì di orin náà mú kó má baà yẹ̀. Ti Squire kò rí bẹ́ẹ̀. Orin tirẹ̀ ló máa ń kọ lábẹ́ orin àwọn yòókù, débi pé bí o bá yọ ohùn akọrin kúrò, tí o yọ jìtá kejì àti dùùrù kúrò, ohun tó kù lọ́wọ́ béèsì ṣì jẹ́ orin odidi tí ènìyàn lè máa fẹnu kọ lọ sóko.

Kò ṣòro láti mọ ibi tí ó ti kọ́ ọ. Kingsbury, ní apá àríwá London, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 1948, inú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ St Andrew tó wà ládùúgbò yẹn ló sì ti kọrin nígbà tó wà lọ́mọdé. Barry Rose ni ọ̀gá akọrin wọn. Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ẹni tó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ tí wọ́n bá ti kọ́ láti gbọ́ ohùn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, tó mọ̀ pé ohùn ìsàlẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ó gbọ́dọ̀ tọ̀ láìṣi ẹsẹ̀ gbé, kò ní lè ta béèsì bí ẹni tó ń ka òkúta. Nígbà tí Squire ṣe àwo tirẹ̀ nìkan, Fish Out of Water, ní ọdún 1975, ó padà lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Barry Rose ti wà ní kàtídírà St Paul ní London nígbà náà, dùùrù ńlá inú kàtídírà yẹn ló sì tẹ̀ sínú orin tó ṣí àwo náà. Andrew Jackman, tí òun àti Squire jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ọmọdé náà, ló to ohùn àwọn olórin yòókù. Ọmọ tó dàgbà tán, tó gbajúmọ̀ kárí ayé, tó tún padà lọ pe ọ̀gá akọrin rẹ̀ wá síbi iṣẹ́ tirẹ̀: nǹkan tí mo fi fẹ́ràn ọkùnrin yìí jù nìyẹn, mo tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ju ọwọ́ rẹ̀ lórí okùn jìtá lọ.

Ọwọ́ náà kì í ṣe kékeré o. Ilé ìtajà ohun èlò orin ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ọdún 1965 nígbà tó ra jìtá béèsì Rickenbacker tirẹ̀, jìtá kan náà yẹn ló sì lò jù títí tó fi kú, tí wọ́n ń ha igi ara rẹ̀, tí wọ́n ń tún un kùn léraléra títí ó fi fúyẹ́ ju bó ṣe wà nígbà tó rà á. Ó máa ń pín ohùn jìtá náà sí méjì: ó ń gbé èyí tó wúwo gba inú áńpílífáyà béèsì, ó sì ń gbé èyí tó mú gba inú áńpílífáyà mìíràn tó yẹ fún jìtá lásán, kó lè máa han ketekete kó sì tún máa dún wọni nínú. Dípò kó fi ìka nìkan ta á, ike pẹlẹbẹ tí àwọn ajìtá fi ń ta okùn ló ń lò. Ẹni tó bá gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ Roundabout, orin àkọ́kọ́ lórí àwo Fragile ti ọdún 1971, nígbà tí béèsì bá já wọlé lẹ́yìn jìtá, kò ní béèrè pé níbo ni Squire wà nínú orin yẹn.

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, orí fóònù ni mo ti rí i. Geoff Downes, tó ń tẹ dùùrù fún ẹgbẹ́ Yes nígbà náà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kéde rẹ̀. Mo jókòó sí iwájú ilé, màmá àgbàlagbà kan tí a jọ ń gbé sì ń ṣa ẹ̀wà nínú ìsasùn pẹrẹsẹ kan. Ó wò mí títí, ó ní:

“Kí ló dé tí ojú rẹ fi rí báyìí?”

“Olórin kan ló kú, mà.”

“Ará ibo?”

“Ará London ni, mà.”

“Ṣé o mọ̀ ọ́n ni?”

“Orin rẹ̀ ni mo mọ̀, mà.”

Ó fi ọwọ́ kan da ẹ̀wà náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, “Ṣé ó bímọ?” Mo ní ó bímọ. Ó ní, “Ọlọ́run á tọ́jú wọn. Ìwọ náà, o kú ará fẹ́ra kù.” Kò rẹ́rìn-ín rárá, kò sì béèrè ohun tó kàn mí nínú ikú òyìnbó. Ẹ kíyè sí i pé ìkíni tí wọ́n ń kí ẹni tí ènìyàn rẹ̀ kú ló kí mi, ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ ló sì wà lọ́kàn rẹ̀.

Mo sọ èyí nítorí pé àwọn kan láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní orin tí kì í ṣe ti wa ni, pé ẹni tó ní Kàbà, tó ní Ìjùmú àti Yàgbà, kò yẹ kó máa ṣọ̀fọ̀ olórin rọ́ọ̀kì, pàápàá irú èyí tí wọ́n ń pè ní progressive rock, tí kò ṣeé jó, tí ìlù rẹ̀ ń yí padà kí ẹsẹ̀ tó mọ ibi tó ń lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún ìfẹ́ tí wọ́n ní sí ohun tiwa. Ṣùgbọ́n orin ìjọ tí àwọn ìyá wa ń fi omijé kọ lójú òkú, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n gbé láti ilẹ̀ òkèèrè wá, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n nu omijé wọn nù. Orin tó bá ti bá ènìyàn gbé nínú ilé, tó ti bá a jí, tó ti bá a sùn, ti di tirẹ̀.

Ní ilẹ̀ Okun tiwa níhìn-ín, bí wọ́n bá ní ẹnìkan kú, ọjọ́ orí rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè, torí ìdáhùn yẹn ló ń sọ bóyá ọ̀fọ̀ ni tàbí òkú ẹ̀yẹ. Àwọn ará Bùnú tilẹ̀ ní aṣọ pupa kan, aṣọ ìpo, tí wọ́n ń fọwọ́ hun láyé àtijọ́, tí wọ́n sì ń lò níbi ìsìnkú àwọn àgbà olóyè, kí gbogbo ẹni tó bá rí i lè mọ irú ẹni tó lọ. Ẹni ọdún 67 wà ní ààlà. Fún èmi, ti Squire jẹ́ ọ̀fọ̀, nítorí pé iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀: wọ́n ti ṣètò ìrìn-àjò orin tí ẹgbẹ́ náà fẹ́ ṣe ní ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn, Billy Sherwood, tó ti bá a ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló sì yẹ kó dípò rẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Kò sí àwo kankan tí Yes ṣe ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀, láti ọdún 1969 títí di 2014, tí Squire kò sí nínú rẹ̀. Jon Anderson tí wọ́n jọ dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1968 ti lọ, ó ti bọ̀, ó tún ti lọ. Àwọn onílù yí padà, àwọn atẹdùùrù yí padà. Squire nìkan ni kò kúrò rí. Ìdí rèé tí ikú rẹ̀ fi dà bí ìgbà tí òpó àárín ilé wó lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Síbẹ̀, ohun tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ṣe jọ òkú ẹ̀yẹ ju ọ̀fọ̀ lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń kà sókè. Ẹnìkan á mú ìṣẹ́jú méjì péré jáde nínú orin kan, á sì ṣàlàyé bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe rìn níbẹ̀. Ẹlòmíràn á dá a lóhùn pé èyí tó wà nínú orin The Fish, lórí àwo Fragile, dára ju ìyẹn lọ, níbi tó ti fi béèsì tò lórí béèsì títí ó fi di orin odidi. Oríkì ni mo ka gbogbo rẹ̀ sí. Olóògbé tí a kò bá lè dárúkọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹkún lásán la ń sun lé e lórí, mo sì kọ́ ẹ̀kọ́ púpọ̀ nípa béèsì nínú ọ̀sẹ̀ ọ̀fọ̀ yẹn ju bí mo ti kọ́ ọ láti ọdún tó pẹ́.

Nígbà tí ẹgbẹ́ náà tún gun orí pèpéle fún ìgbà àkọ́kọ́ láìsí i, ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, Onward ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, orin tí Squire fúnra rẹ̀ kọ sínú àwo Tormato ti ọdún 1978. Wọn kò ta á fúnra wọn. Ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni wọ́n jẹ́ kó dún, wọ́n sì tan iná sí ara jìtá Rickenbacker rẹ̀ tó dá dúró níbi tó máa ń dúró sí. Àwọn kan bínú pé ó yẹ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ náà pa. Èmi kò sí lẹ́yìn wọn. Bí ọ̀gá akọrin bá kú, a kì í ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹlòmíràn á dìde ní ọjọ́ Ìsinmi, a ó sì mọ̀ pé kì í ṣe òun. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, nígbà tí wọ́n gba Yes wọ inú Rock and Roll Hall of Fame, ilé ọlá àwọn olórin rọ́ọ̀kì ní Amẹ́ríkà, Geddy Lee ti ẹgbẹ́ Rush ló ta béèsì Roundabout ní ipò Squire. Òun náà gbajúmọ̀ tó ẹni tí a lè máa tẹ̀ lé, síbẹ̀ ó wá ta orin ẹlòmíràn bí ẹlòmíràn náà ṣe ta á. Mo wo ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, mo tún un wò.

Ọ̀fọ̀ irú èyí kò tíì tán nídìí orin progressive rock yìí, nítorí pé àwọn tó dá a sílẹ̀, àárín ọdún 1940 sí 1950 ni wọ́n bí púpọ̀ nínú wọn. Keith Emerson, atẹdùùrù ẹgbẹ́ Emerson, Lake & Palmer, lọ ní oṣù kẹta ọdún 2016, Greg Lake tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà tẹ̀ lé e ní oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà. John Wetton, tó ta béèsì fún ẹgbẹ́ King Crimson, kú ní oṣù kìíní ọdún 2017. Alan White, tó ń lu ìlù fún Yes láti 1972, tó sì jókòó sẹ́yìn Squire fún ohun tó lé ní 40 ọdún, kú ní oṣù karùn-ún ọdún 2022.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin ará ilé bá fẹ́ mọ ẹni tí mò ń sọ, ẹ má fi orin oníṣẹ́jú 18 bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá Hold Out Your Hand, orin àkọ́kọ́ lórí Fish Out of Water, kí ẹ sì lo gbohùngbohùn tó bá lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, torí ti fóònù lásán yóò gbé gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ mì. Dùùrù tí ẹ ó gbọ́ níbẹ̀ ni ti kàtídírà St Paul, Barry Rose ló ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sórí Roundabout, kí ẹ tó wá kàn sí èmi fún Close to the Edge, àwo Bàbá Kékeré ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó sì ń dún dáadáa.