Kí Omijé Tó Bọ́: Ẹ̀kọ́ Tí A Kọ́ Nínú Kíka Ìwé Ìpẹ̀yàrun

Ẹ̀yin àbúrò, ìwé tó ń pani lẹ́kún ni ìwé lórí Holocaust (bí ìjọba Násì ti Jámánì ṣe pa àwọn Júù nípakúpa nígbà Ogun Àgbáyé Kejì), ogun àti ìpẹ̀yàrun, ìyẹn pípa odidi ẹ̀yà run. Ẹkún náà kò burú. Àmọ́ ìbéèrè méjì gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀: ta ló kọ ọ́, ìgbà wo ló sì kọ ọ́?

Ẹni tó ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sílẹ̀ kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ máa já sí. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1944 ni Anne Frank, ọ̀dọ́mọbìnrin Júù tó ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ níbi tó sá pamọ́ sí, kọ̀wé gbẹ̀yìn. Ọjọ́ 4 oṣù náà ni wọ́n wá mú òun àti àwọn tí wọ́n jọ sá pamọ́ ní Amsterdam. Bergen-Belsen, àgọ́ tí àwọn Násì ń kó èèyàn sí ní Jámánì, ló kú sí ní 1945, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè kọ ìyẹn sílẹ̀ fún yín. Ẹni tó bá pa ìwé náà dé níbi tó parí sí, ìrètí ló máa gbé lọ sílé. Ẹ ka ohun tó tẹ̀ lé e.

Ìtàn àròsọ ńkọ́? Ẹ kà á, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe ẹ̀rí. Bí ẹ bá pàdé ọmọ kékeré tó ń rìn fàlàlà nínú Auschwitz, àgọ́ ìpànìyàn àwọn Násì ní Poland, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ Júù tí wọn kò tíì tó iṣẹ́ ṣe ni wọ́n pa lọ́jọ́ tí wọ́n dé.

Ibi tí òǹkàwé ti ń ṣìnà jù rèé: ẹni tó yè ló ń kọ ìwé ìrántí. Bí 1,300,000 èèyàn ni wọ́n kó lọ sí Auschwitz, bí 1,100,000 sì kú síbẹ̀. Wọ́n ń ṣa àwọn kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi yè, tí ìwé lórí rẹ̀ fi pọ̀. Ní Bełżec, àgọ́ ìpànìyàn míì ní Poland, Júù tó lé ní 430,000 ni wọ́n fi gáàsì olóró pa ní 1942. Díẹ̀ báyìí ló yè tó sì jẹ́rìí. Ní Babyn Yar, àfonífojì kan ní Kyiv ní Ukraine, Júù 33,771 ni wọ́n yìnbọn pa ní ọjọ́ 29 àti 30 oṣù Kẹsàn-án 1941, gẹ́gẹ́ bí àwọn apànìyàn náà ṣe kà á fúnra wọn. Ẹni tó bá ka ìwé Auschwitz nìkan yóò rò pé inú àgọ́ ni gbogbo wọn kú sí. Nítorí náà, bí ẹ bá ka ìwé ẹni tó yè, ẹ wá ọ̀rọ̀ ẹni tí kò yè mọ́ ọn. Emanuel Ringelblum, òpìtàn Júù, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kó àkọsílẹ̀ jọ ní ìkọ̀kọ̀ ní Warsaw ní Poland, wọ́n sì fi àpótí irin àti garawa wàrà sin ín. Wọ́n hú apá kan jáde ní 1946, òmíràn ní 1950. Láti 1944 ni wọ́n ti pa Ringelblum.

Ní ti kíkà gan-an, ojú ewé 20 sí 30 tó fún ìjókòó kan, kó má sì jẹ́ ìgbà tí oorun kù díẹ̀. Ẹ tẹ́ máàpù sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ máa kọ ọjọ́, ìlú àti orúkọ sílẹ̀. Ẹ má ka ìwé ìrántí méjì léra. Ẹ fi iṣẹ́ òpìtàn sáàárín wọn. Ìwé ìrántí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ewu ti dé ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ òfin Nuremberg tí àwọn Násì ṣe ti gba ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú lọ́wọ́ Júù Jámánì láti 1935. Bákan náà ni Rwanda: kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ẹ̀yà Tutsi nípakúpa ní oṣù Kẹrin 1994, rédíò RTLM ti ń pè wọ́n ní aáyán.

Ẹni tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí ogun kò yẹ kó dá nìkan kà á.

Bí ẹ bá sì ka ojú ewé márùn-ún tí àyà yín kò já, ẹ má rò pé ẹ ti di akọni. Ọkàn ló ti kún. Ẹ pa ìwé dé fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ẹ bá padà, orúkọ tí ẹ kọ sílẹ̀ gbẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.