Ohun Tí Ìṣọ́ Òru Lójú Òkun Kọ́ Mi

Ẹ̀yin ọmọ ilé wa, láti Kabba títí dé Ẹ̀gbẹ̀, tí ẹ ń bi mí nípa iṣẹ́ ọkọ̀ òkun, ohun tí ẹ sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé ṣé èmi ni mò ń wa ọkọ̀ náà. Tí a bá ti wọ agbami, ẹ̀rọ ló sábà máa ń tọ́ ọ. Iṣẹ́ ẹni tó wà lẹ́nu ìṣọ́ ni kó mọ ibi tí ọkọ̀ wà, kó mọ ẹni tó ń bọ̀, kó sì ti pinnu ohun tí yóò ṣe kí onítọ̀hún tó sún mọ́ tòsí.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹrù, wákàtí mẹ́rin là ń ṣọ́nà, a ó sì fi mẹ́jọ kúrò níbẹ̀. Second mate, ìyẹn ọ̀gá tó tẹ̀ lé igbákejì kápútẹ́nì, ló sábà máa ń ni aago 12 òru sí aago 4 ìdájí, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́gbọ́n jù.

Ẹ má kánjú gba ìṣọ́. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí nílé bí wọ́n bá mú iná lọ lójijì: ojú á ṣókùnkùn ná. Ó lè tó ìṣẹ́jú 20 kí ojú tó ríran dáadáa lókè, nínú yàrá tí a ti ń tọ́ ọkọ̀. Ẹ fi àkókò yẹn ka ìwé àṣẹ tí kápútẹ́nì kọ sílẹ̀ fún òru náà, kí ẹ sì bi ẹni tó fẹ́ lọ sùn nípa gbogbo ọkọ̀ tó wà láyìíká.

Lóru ọjọ́ kan, mo rí iná pupa ọkọ̀ mìíràn lápá ọ̀tún wa. Mo fi kọ́ńpáàsì wo ìhà tó wà sí wa: 047, ní ìwọ̀n digiri. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, 047 náà ni, iná ọ̀hún sì ń tóbi sí i. Ọkọ̀ tó bá ń sún mọ́ni tí nọ́ńbà yẹn kò yí padà ń bọ̀ wá kọluni ni. Òfin ìdènà ìkọlù ti ọdún 1972 sọ pé bí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì bá fẹ́ dábùú ara wọn, èyí tó rí èkejì lọ́tùn-ún rẹ̀ ni kó yà. Mo yà sọ́tùn-ún gan-an, yíyà tí wọ́n fi lè rí i lọ́hùn-ún pé a ti yà, mo sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Rédà àti AIS, ẹ̀rọ tí àwọn ọkọ̀ fi ń sọ orúkọ wọn àti ibi tí wọ́n wà fún ara wọn, wúlò púpọ̀, àmọ́ ọkọ̀ onígi àwọn apẹja etíkun wa lè má hàn nínú méjèèjì.

Èyí tó le jù fún ọmọ tí a tọ́ ní Yàgbà tàbí Ìjùmú ni ọ̀rọ̀ àgbà. Wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í jí àgbà lójú oorun lásán. Nínú ọkọ̀, tí nǹkan kan kò bá yé yín, ẹ jí kápútẹ́nì, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́. Tí ẹni tó fẹ́ gba ìṣọ́ lọ́wọ́ yín bá mutí yó, tàbí tí ara rẹ̀ kò dá, ẹ má gbé e fún un, ì báà jù yín lọ. Ẹ pe kápútẹ́nì. Bí kápútẹ́nì alára bá wọlé, ẹ má tìtorí ọ̀wọ̀ sún sẹ́yìn. Títí yóò fi là á mọ́lẹ̀ pé òun ti gbà á, ọwọ́ yín ni ọkọ̀ ṣì wà.

Ẹ sùn dáadáa kí ẹ tó gòkè. Òfin àgbáyé fún yín ní ìsinmi wákàtí 10, ó kéré tán, láàárín wákàtí 24. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń múra ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ní Oron, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin 1972 yẹn báyìí. Òfin karùn-ún ni kí ẹ kọ́kọ́ há sórí, èyí tó ní ká máa fi ojú àti etí ṣọ́nà nígbà gbogbo.