Akọ̀ròyìn tó wọ ẹ̀wọ̀n nítorí ìròyìn

Ní ìdí àtẹ àwọn oníwèé ìròyìn l'Ákùrẹ́, níbi tí àwọn àgbà ti máa ń jiyàn ìṣèlú láàárọ̀, orúkọ Fisayo Soyombo kì í pẹ́ jáde bí ọ̀rọ̀ bá kan ìwádìí. Ní ọdún 2019, ó fi orúkọ mìíràn bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì jẹ́ kí wọ́n mú òun, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí bí rìbá ṣe gbilẹ̀ tó: ọjọ́ 5 ní àtìmọ́lé ọlọ́pàá, ọjọ́ 8 ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Ìkòyí. Àmì ẹ̀yẹ Kurt Schork, tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn akọ̀ròyìn sí, tẹ̀ lé e ní ọdún 2020. Sùúrù rẹ̀ ló wú mi lórí jù, nítorí kò rọrùn láti máa ṣàkíyèsí gbogbo nǹkan láàárín àwọn tó lè ṣe ọ́ léṣe bí àṣírí bá tú. Ó ti dá iléeṣẹ́ ìròyìn oníwàádìí tirẹ̀, FIJ (Foundation for Investigative Journalism), sílẹ̀.